Ìṣẹ́tí Ìyá Yóò-Dàgbà

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, ẹ mú gáùn ọmọdé kan tó rán, kí ẹ yí i padà, kí ẹ wo ìṣẹ́tí rẹ̀ nísàlẹ̀. Aránṣọ mìíràn á ká etí aṣọ díẹ̀, á rán an pa, ó parí. Ti ẹ̀gbọ́n mi máa ń fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Àwọn oníbàárà á ní, "Ìyá, ṣé ìṣẹ́tí yìí ò ti pọ̀ jù?" Òun á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Yóò dàgbà." Bó ṣe ń dáhùn nìyẹn láti ọdún gbọọrọ, títí orúkọ fi mọ́ ọn lára. Ìyá Yóò-Dàgbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní orúkọ kankan yàtọ̀ sí i.

Èmi ni àbúrò rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù kan náà la ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gé aṣọ, òun ló ń rán an. Èmi ni mo ń rán bọ́tìnì, tí mo ń lọ aṣọ, tí mo sì ń bá oníbàárà tó bá fẹ́ yọ wá lẹ́nu jà, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ìjà jà rárá. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ló máa tọrọ àforíjì. Ṣọ́ọ̀bù wa ò tóbi. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì tí a fi ń gé aṣọ, bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, dígí gígùn kan tó ti sán nígun, àti fèrèsé tó kọjú sí títì, tí mo gbé rédíò mi lé. Rédíò yẹn, tèmi ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yí i kúrò níbi ìròyìn. Mo máa ń gbọ́ ọ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, màá sì máa bá a jiyàn bí ẹni pé ó lè dá mi lóhùn.

Ìṣẹ́tí fífẹ̀ yẹn nìkan ì bá tiẹ̀ sàn. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní ṣàì gé òwú tó bá àwọ̀ aṣọ mu, kó ká a róbótó, kó tì í sínú ìṣẹ́tí kó tó rán an pa. "Ti ẹni tó máa tú u nìyẹn," á wí. Ẹ gbọ́ mi o! Ẹni tó máa tú u! Ẹni tí kò mọ̀, tí kò rí rí, lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Mo bá a jà lórí ọ̀rọ̀ òwú yìí títí ó fi sú mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òwú gidi lẹ̀ ń sin yìí o." Ó ní mo wí ire. Ó sì ká òmíràn.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré, gáùn aláwọ̀ ìyeyè kan ṣoṣo ló ní tó fi ń jáde. Ó ga, gáùn ò tó o mọ́, ìyá wa bá tú ìṣẹ́tí. Kò sí òwú ìyeyè nílé, dúdú ló wà, òwú dúdú náà ni ìyá wa fi rán an. Ìlà dúdú bá yí gáùn ká nísàlẹ̀, gbogbo ọmọ ilé ìwé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi gé ọ̀kan nínú wọn jẹ lápá, inú mi ṣì ń dùn sí i di òní. Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó sọ fún mi bá a ṣe ń lọ sílé ni pé ẹni tó kọ́kọ́ rán aṣọ yẹn ì bá ti fi òwú díẹ̀ pa mọ́ sínú rẹ̀ fún àwọn.

Ojú rẹ̀ rí màbo lẹ́yìn ìgbà náà. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ṣì ń rá kiri nílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló fi tọ́ ọmọ náà. Síbẹ̀, kò sí àárọ̀ kan tí yóò wọ ṣọ́ọ̀bù tí kò ní kọ́kọ́ fi ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ, kó ní, "Ọlọ́run, ẹ ṣé tí ilẹ̀ tún mọ́." Ó tán. Kì í gba àdúrà gígùn. Á rọ epo sí ẹ̀rọ, á sì bẹ̀rẹ̀ orin.

Ọmọ yẹn la wá ń pè ní Olóhùn-Iyọ̀. Láti kékeré ni ohùn rẹ̀ ti dára. Tó bá ń ka ìwé lábẹ́ tábìlì ìgé-aṣọ, oníbàárà á gbàgbé ohun tó bá wá. Nígbà tó dàgbà, ilé-iṣẹ́ rédíò gbà á pé kó máa ka ìròyìn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kà á, a pariwo títí àwọn ará òdìkejì títì fi sáré wá bi wá bóyá nǹkan ń jó. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ò pariwo. Ó dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró kí ariwo rẹ̀ má bo ohùn ọmọ òun mọ́lẹ̀, ó sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ náà. Tí Olóhùn-Iyọ̀ bá ti ní "Ẹ kú àárọ̀ o," ẹ̀rọ á dákẹ́. Tó bá ti ní "Ó dìgbà o," ẹ̀rọ á tún gbéra.

Àmọ́ irú ìròyìn wo, ẹ jọ̀ọ́? Omíyalé, iná, ogun, ìyàn, àìsàn tí wọn ò tíì mọ orúkọ ẹ̀. Oníbàárà kan máa ń wọlé pé, "Ìyá Yóò-Dàgbà, ọmọ yín tún fẹ́ pa wá lónìí o!" A ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ọlọ́run á wà pẹ̀lú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn." Kì í sọ ọ́ bí ẹni tó kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá. Á dúró díẹ̀, á mí kanlẹ̀, á wá fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ padà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí ni pé gbogbo ìròyìn tí ọmọ yìí ń kà jáde, inú rẹ̀ ló ń kà á sí. Ó lóyún. Ọlọ́run ló mọ bí inú wa ṣe dùn tó! Ẹ̀gbọ́n mi sáré lọ mú aṣọ funfun kan jáde, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ náà. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì lọ́jọ́ tí Olóhùn-Iyọ̀ yà sọ́dọ̀ wa.

"Màámi, ẹ dá aṣọ yẹn padà."

"Àbí kò wù ọ́ ni? Mo ní òmíràn."

"Kì í ṣe pé kò wù mí. Ẹ má rán nǹkan kan fún ọmọ yìí. Inú ayé wo gan-an ni mo ń mú un bọ̀? Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ohun tí mò ń kà lójoojúmọ́? Omi ń gbé ilé lọ, ogun lọ́tùn-ún, ogun lósì. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ ní ooru yìí ò tíì bẹ̀rẹ̀. Èèyàn ò sì fẹ́ràn ara wọn mọ́. Nígbà tọ́mọ yìí bá fi máa tó mi, kí ló máa kù fún un?"

Inú bí mi. Mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Mo ní, "Wò ó, ṣé orí ẹ ni wọ́n gbé ayé lé ni? Nígbà tí a bí ìwọ, ṣé ó rọrùn ni? A ṣáà bí ẹ!"

"Àǹtí, ẹ ò mọ ohun tí mo mọ̀."

"Kí ni mi ò mọ̀? Ṣebí ìwọ náà lò ń kà á fún mi!"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sókè sí mi pé kí n dákẹ́. Ó ní, "Mo gbọ́, ọmọ mi." Ó ká aṣọ funfun náà dáadáa, ó dá a padà sórí pẹpẹ. Mo rí i pé kò tì í sẹ́yìn, iwájú níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o ló gbé e sí. 

Ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ọkọ Olóhùn-Iyọ̀, tó jẹ́ akunlé, wá bá wa lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọ̀dà lára ṣòkòtò. Ó ní òun ti kun yàrá kékeré tó wà nílé àwọn fún ọmọ, ìyàwó òun sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kò fẹ́ wò ó. Kò ra ìbọ̀sẹ̀ kan. Kì í sùn. Á kàn ranjú mọ́ àjà. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé tí kò bá sinmi, tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ó léwu fún un, ó sì léwu fún ọmọ inú rẹ̀. "Màámi, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀," ó wí, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

Nígbà tó lọ, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò rán nǹkan kan. Ó ní, "Àbúrò mi, ẹ̀rù ń bà mí." N ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú pàápàá.  Mo dìde, mo pa rédíò. Mo ní rédíò yìí gan-an ló fa gbogbo rẹ̀.

"Tàn án padà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tún fẹ́ gbọ́ níbẹ̀?"

"Tí mi ò bá gbọ́ ohùn ẹ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó sùn?"

Mo tàn án padà. Láti ọjọ́ náà ni èmi náà ò ti gbọ́ ìròyìn mọ́, ohùn ọmọ wa ni mò ń gbọ́. Láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ó sùn díẹ̀," tàbí kó ní, "Kò fojú kan oorun rárá," á sì tún fọwọ́ lé orí ẹ̀rọ pé, "Ọlọ́run, ẹ ṣé tí ilẹ̀ tún mọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ó ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé gáùn aláwọ̀ ewé kan sílẹ̀ fún wa, ó ní kí a bá òun tú ìṣẹ́tí rẹ̀ nítorí ọmọ òun ti ga ju aṣọ lọ. Ó ní àlòkù ni. Aládùúgbò òun kan ló mú un wá láti ìlú mìíràn, aládùúgbò náà sì gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọrùn gáùn náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ mi rèé! Èmi ni mo rán an. Ó ti pẹ́ tó, mi ò tiẹ̀ rántí ẹni tí mo rán an fún." Obìnrin náà ṣe háà, ó jáde, ó lóun ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Ìgbà náà ni ìròyìn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ dákẹ́. Olóhùn-Iyọ̀ ń ka nípa ìlú kan tí odò kún bò. Ó ní, "Àwọn ọmọdé tó wà nínú ilé náà..." Ó sì dúró. A ń retí. Kò sí nǹkan kan, àfi bí ẹni ń mí lẹ́bàá nǹkan tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Orin gbà á, lẹ́yìn náà ohùn ọkùnrin kan bọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde, àlùmọ́gàjí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ti ń tẹ fóònù léraléra. Ó pẹ́ kí ọkọ ọmọ náà tó gbé e. Ó ní kò ṣubú, kò sí ohun tó ṣe é, ó kàn ń sunkún ni, wọ́n ti ní kó máa lọ sinmi. Òun ti wà pẹ̀lú rẹ̀. Kò fẹ́ lọ sílé, ó ní ọ̀dọ̀ Màámi òun lòun fẹ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn, ojú rẹ̀ ti wú. Mo ti ṣe tán láti sọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí ti dé ètè mi. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú gáùn aláwọ̀ ewé yẹn, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó fún un ní abẹ́rẹ́ tí a fi ń tú aṣọ. Ó ní, "Bá mi tú ìṣẹ́tí yìí."

Mo fẹ́ pariwo. Aláboyún tí ara rẹ̀ ò yá! Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, mo pa ẹnu mi mọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Iṣẹ́ tó ti mọ̀ láti kékeré ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń tú u ni omijé rẹ̀ ń gbẹ. Nígbà tó yá, nǹkan kékeré kan jábọ́ sórí ìró rẹ̀. Ó mú un, kò tiẹ̀ wò ó dáadáa. Ó ní, "Òwú yín rèé, Màámi. Kò sẹ́ni tó lò ó." Bó ṣe sọ ọ́ dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òwú nìkan ló ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà á. Ó wò ó. Ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé, ó tún wò ó.

"Èyí kì í ṣe òwú mi."

"Inú ìṣẹ́tí yín ni mo ti yọ ọ́."

"Kì í ṣe tèmi, mo ní. Àbúrò mi, wá wò ó."

Mo lọ wò ó. Òwú aláwọ̀ ewé ni lóòótọ́, àmọ́ igi ìṣáná kékeré ni wọ́n ká a mọ́, ó tò gẹ́ẹ́gẹ́ lórí ara wọn. Mo ti ń bá ẹ̀gbọ́n mi jà lórí òwú láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n ò rí i kó fi igi ìṣáná ká a rí. Ọwọ́ lásán ló ń lò. A tẹ́ gáùn sórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka tọ ìlà kan tó ti ń parẹ́ lára aṣọ, nísàlẹ̀ ibi tí Olóhùn-Iyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ibi tí òun ṣẹ́ aṣọ náà sí níjọ́sí nìyẹn. Ẹnì kan ti tú u rí, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún ọmọ kan, ó sì fi ọwọ́ rán an padà. A wo òwú tó fi rán an. Òwú ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Ó lo tèmi," ẹ̀gbọ́n mi wí jẹ́jẹ́. "Ó lo tèmi, ó wá fi tiẹ̀ síbẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Ta ni?" Olóhùn-Iyọ̀ béèrè.

"N ò mọ̀ ọ́n!" Ó ti ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "N ò mọ̀ ọ́n rárá! N ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni, bóyá obìnrin ni. N ò mọ ìlú tó wà. N ò mọ̀ ọ́n, ọmọ mi!" Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹ̀bùn fún. Ọkọ ọmọ wa náà ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, kò tiẹ̀ tíì yé e. 

Olóhùn-Iyọ̀ gba igi ìṣáná yẹn padà, ó ń yí i lọ́wọ́. 

"Màámi, ẹni yìí náà ń gbọ́ ìròyìn, àbí?"

"Ta ni kì í gbọ́ ọ?" èmi ni mo dáhùn.

"Ó ń gbọ́ ọ," ó wí, "ó sì jókòó, ó ká òwú." Ló bá bú sẹ́kún. Kì í ṣe irú ẹkún tó ti sun kó tó dé o. Èyí jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó sun ún tán, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri. Kí a tó mọ̀, ó ti sùn lórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó sì ń hanrun. Ọkọ rẹ̀ ní kí ẹ̀gbọ́n mi dáwọ́ iṣẹ́ dúró kí ariwo má jí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní ariwo ẹ̀rọ yìí ló fi ń sùn nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó tẹ ẹ̀rọ lọ. Ó fi òwú ẹni tí a kò mọ̀ rán gáùn náà padà, ó sì ká tiẹ̀ sínú rẹ̀. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí fèrèsé, èmi fúnra mi ni mo pa á.

N ò ní purọ́ fún yín pé ayé dáa láti ọjọ́ náà. Ìròyìn ò yí padà. Àmọ́ ọmọ wa gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó ń jẹun, ó ń sùn, nọ́ọ̀sì sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn yàrá kékeré yẹn. Ọjọ́ kan ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ikùn ṣíwájú, ó ní, "Màámi, aṣọ funfun yẹn dà?" Kó tó pa ẹnu dé, aṣọ ti wà lórí tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n mi gé e, ó rán an, ó wá ku ìṣẹ́tí. Mo rí bó ṣe ń ká a. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ tèmi lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tuntun jòjòló! Kí ni ó fẹ́ fi irú ìṣẹ́tí yìí ṣe?"

Kò tíì yanu tí Olóhùn-Iyọ̀ fi dáhùn, pẹ̀lú ohùn tí ó fi ń ka ìròyìn: "Àǹtí, yóò dàgbà."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí lé ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo yọ igi ìṣáná kan, mo ṣẹ́ ẹ sí méjì, mo ká òwú funfun mọ́ ọn dáadáa, mo nà án sí i.  Ó tì í sínú ìṣẹ́tí, ó rán an pa.

Obìnrin ni ọmọ náà. Ní àlàáfíà ni ìyá rẹ̀ bí i, igbe rẹ̀ sì pọ̀ ju ti rédíò mi lọ. Gáùn gbé e mì lódindi nígbà tí a kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fún un, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá ò yọ. Ó ti ń rìn báyìí. Ìyá rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, tó bá sì ti ní "Ẹ kú àárọ̀ o," ẹ̀rọ á dákẹ́, ọmọ á na ìka sí fèrèsé, á ní, "Màámi!" Ní àná, mo rí i pé etí gáùn funfun yẹn ti ń sún mọ́ orúnkún rẹ̀. Mo ti sọ fún gbogbo wọn, fún ìyá rẹ̀ àti fún ìyá àgbà rẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìṣẹ́tí yẹn, èmi ni mo máa tú u.